Ìgè Wà Láàyè: Bí Mo Ṣe Dé Ìlú Àwọn Ọwọ́-Igi

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn má ṣe sọ èjìká ẹni tí ó wà níwájú di ìrọ̀rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u tán nísinsìnyí. Èmi tí ẹ ń wò yìí, Ògúnkẹ́yẹdé ọmọ Ọdẹ́yalé, ọkùnrin tí ẹfọ̀n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀, èmi kì í sọ ìtàn fún etí tí kò jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìdó-Arán, ìjà ni ẹ gbé wá bá mi. Ẹ ní ìwé kan wà lórí ẹ̀rọ ayélujára tí ẹ ń pè ní wíkì, ìwé àjọkọ tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Ẹ ní iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju ọwọ́ yín lọ, ẹ sì fẹ́ máa lo bọ́ọ̀tì, èyíinì ni ẹ̀rọ tí a rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì máa dá àtúnṣe ṣe lọ láìsí ènìyàn ní ìdí rẹ̀. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni ẹni tí a ó yọ̀ǹda fún láti máa darí rẹ̀. Mosúnmọ́lá ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò jù lọ ni. Láńgbàlà ní rárá o, ẹni tí ó dàgbà jù lọ ni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì fèsì, nítorí ojú mi ti rí bọ́ọ̀tì kí a tó bí ìyá ẹni tí ó ṣe ti yín. Èyí tí mo rí kò ní wáyà nínú. Igi ni. Ohun tí ó sì fi ojú mi rí, títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ lórí oúnjẹ, òkèlè a dúró sí mi lọ́fun.

Ní ayé ìgbà náà, Ọba wa ránṣẹ́ pè mí sí ààfin. Ó ní, "Ògúnkẹ́yẹdé, mo gbọ́ pé ìlú kan wà ní òdì-kejì Igbó Àmọ̀kùn tí àwọn ará ibẹ̀ ní ọwọ́ tí a fi igi gbẹ́, ọwọ́ tí ń kọ̀wé tí kì í rẹ̀ ẹ́. Ìtàn ilẹ̀ wa ń bá àwọn àgbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Lọ bá mi gba ọ̀kan wá."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí, bí ó bá wà, ẹ kà á sí pé ó ti dé ààfin."

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo wọ igbó. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ẹni tí ó bá ń ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú Igbó Àmọ̀kùn, kì í kà á tán.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pàdé ni iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Lójú. Abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, nítorí náà, nígbà tí ó gbọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó na ẹsẹ̀ sókè, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ wò mí láti orí dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí ìríkúrìí láyé mi, ṣùgbọ́n a kò tíì fi ẹsẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, bí o kò bá dáhùn àlọ́ mi, ìwọ kò níí kọjá. Kí ni ń ṣiṣẹ́ tí kì í rẹ̀ ẹ́, tí ń ṣàṣìṣe tí kì í tì í lójú?"

Mo ní, "Odò ni."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn ń rẹ odò. Tún wò ó."

Mo ní, "Iná ni."

"Òjò ń dójú ti iná. Tún wò ó."

Mo ronú títí, mo ní, "Ahọ́n ìyá ìyàwó mi ni."

Háà! Ẹlẹ́sẹ̀-Lójú bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi ojú fi ń ṣàn láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wá sí orúnkún. Ó ní, "Kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n máa lọ. Ìwọ fúnra rẹ yóò rí ohun náà. Nígbà tí o bá rí i, ìwọ kò níí pa mí lẹ́rìn-ín mọ́."

Èkejì ni Adìmọ́ni, iwin ẹlẹ́gùn-ún tí kì í bá ènìyàn jà. Ìkíni rẹ̀ ni ìjà rẹ̀: bí ó bá rí àlejò, inú rẹ̀ a dùn, a sì dì mọ́ ọn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Mo rí i tí ó ń bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, tí ó na apá ẹlẹ́gùn-ún sí mi, tí ó ń ké pé, "Àlejò mi! Àlejò mi àtàtà!" Ẹ̀yin ìbá sá. Ṣé irọ́ ni mo pa? Èmi kò sá. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi wọ kùkùté igi ìrókò kan, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Adìmọ́ni dì mọ́ kùkùté náà tìfẹ́tìfẹ́ títí kùkùté fi là sí wẹ́wẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àwọn àlejò òde òní kò lágbára." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí mo ṣe di ẹni tí ó wọ ìlú onílùú láìsí ẹ̀wù lọ́rùn nìyẹn.

Ní ẹ̀yìn ìgbẹ́ tí ó yí ìlú náà ká ni mo ti rí obìnrin kan tí ó sá pamọ́ sí abẹ́ ewé kókò.

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, bàbá ọdẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ rí mi o."

Mo ní, "Ta ní ń lé ọ?"

"Àwọn ọkọ mi ni."

"Àwọn ọkọ rẹ? Ṣé wọ́n ju ọ̀kan lọ ni?"

Ó ní, "Ọ̀kan ni èmi fẹ́, bàbá. Àwọn tó kù, ọwọ́-igi ló fẹ́ wọn fún mi. Àìná ni orúkọ mi. Gbogbo ọmọbìnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Àìná kọ́ ni? A pọ̀ nílùú yìí. Láàárọ̀ òní, ọwọ́-igi kan kó gbogbo Àìná tó wà lórí ògiri jọ, ó sọ wá di ẹyọ ẹnì kan. Ọkọ oníkálukú wa sì ti di ọkọ mi. Wọn kò tilẹ̀ dúró kí oòrùn wọ̀, gbogbo wọn ló ti ń bèèrè oúnjẹ ọ̀sán!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ rọra, bàbá. Tèmi kéré. Ẹ wọlé lọ wo ti Ìgè."

Mo wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ògiri náà. Àpáta dúdú kan ni, ó dán, ó ga, ó gùn dé ibi tí ojú mi kò lè dé, ìkọ̀wé ẹfun sì bò ó láti òkè délẹ̀. Ohun gbogbo tí ìlú náà mọ̀ ni ó wà níbẹ̀: bí a ti ń fi ewé ṣe oògùn, ibi tí ààlà oko wà, ẹni tí ó bí ẹni, ẹni tí ó fẹ́ ẹni, ẹni tí ó ti kú. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ̀wé sí i. Ẹnikẹ́ni ni ó sì lè fi kànìnkànìn àti omi nu ohun tí kò bá tọ́, kí ó tún un kọ. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ yóò tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí á lè mọ ẹni tí a ó bi léèrè. Òfin kan ni ó wà lórí gbogbo rẹ̀: ohun tí ògiri bá ń wí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, òun ni ìlú yóò ṣe.

Lára ògiri náà ni àwọn ọwọ́-igi wà. Ọwọ́ lásán, láti ìgúnpá dé orí ìka, kò sí èjìká, kò sí orí, kò sí àyà tí ọkàn lè wà. Wọ́n ń rá pálá lára àpáta bí alángbá, wọ́n ń nu, wọ́n ń kọ, wọn kò sinmi. Ìgbà náà ni mo mọ èsì àlọ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Lójú.

Ní abẹ́ ògiri náà, wọ́n ti gbẹ́ kòtò. Ní etí kòtò náà, obìnrin kan jókòó nínú aṣọ òkú, a ti pa á láró, a ti kun ún ní osùn, òwú wà ní imú rẹ̀ méjèèjì. Mo tẹ́ríba fún òkú, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Òkú náà sín!

Yéè! Èmi Ògúnkẹ́yẹdé, mo fò sẹ́yìn, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ má sá. Mo wà láàyè. Ìgè ni mí. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Àwọn ará ìlú tí ó dúró yí i ká fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn, bí ẹni tí ń rẹ ọmọdé. Wọ́n ní, "Ìgè, pẹ̀lẹ́ o. Sùn un re o. Ògiri ló sọ bẹ́ẹ̀." Ọkọ rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń sunkún kíkorò, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ọkọ rẹ̀ ti ń yẹ àwọn aṣọ rẹ̀ wò.

Mo bá ẹni tí ó jẹ́ olórí ìlú, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Alógiri. Àgbàlagbà ni, omijé wà lójú òun náà. Mo ní, "Baba, ènìyàn tí ń sín, báwo ni a ṣe ń sin ín?"

Ó ní, "Ọdẹ, ojú wa kò fọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ọnàwọlé, ni ó gbẹ́ ọwọ́-igi tí ẹ ń wò lókè un. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó kàn gbé e lé ògiri láàárọ̀. Ó rán an pé, orúkọ kan náà tí ó bá wà ní ibi púpọ̀, kí ó kó wọn jọ sí ojú kan. Gbogbo ọmọ tí ó bá mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni à ń pè é. Ìgè kan, adẹ́mu, já láti orí ọ̀pẹ lánàá, ó kú. Ọwọ́-igi kó gbogbo Ìgè jọ, wọ́n di ọ̀kan, ọ̀kan náà sì ti kú. Àwọn Ìgè tó kù ti gba oko sá lọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò lè sáré nìyí."

"Ẹ tún un kọ, kí ó parí!"

Alógiri nawọ́ sí ògiri. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí n kò tíì kíyè sí. Ìyá Ìgè ni. Ó ti kànìnkànìn bọ omi, ó ń nu ọ̀rọ̀ náà, ó ń fi ẹfun kọ ọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó ń tẹ àtàǹpàkò sí i. Kí ó tó gbé àtàǹpàkò náà kúrò, ọwọ́-igi ti rá wá, ó ti nu ún, ó ti kọ ọ́ padà pé Ìgè ti kú. Ìyá tún nu ún. Ọwọ́ tún kọ ọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Apá ìyá náà ti wú bí ìyá iṣu. Ọwọ́-igi kò làágùn.

Ó ń ké bí ó ti ń nu ún, ó ń wí pé, "Ta ni ó ni ọ́? Ẹni tó ni ọ́ dà? Ṣé kò sí ẹnìkan lẹ́yìn ọwọ́ yìí ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn un, ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rẹ́rìn-ín níbí.

Mo gba ẹfun lọ́wọ́ ìyá náà. Mo ní, ẹ jẹ́ kí ẹni tí a fi pàṣán kọ́ ní ìwé kọ ọ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ìgè, ìyàwó Abẹ́gúndé, tí ó jókòó sí abẹ́ ògiri yìí, wà láàyè." Gbólóhùn tí kò lábùkù ni. Olùwà rẹ̀ wà ní ipò, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ wà ní ipò, àmì orí rẹ̀ pé pérépéré. Ọwọ́-igi nu gbogbo rẹ̀ kúrò bí ẹni ń nu itọ́ ọmọ.

Inú bí mi. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín. Ihò ńlá lu àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò mira. Ó rá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bu ẹ̀rún igi, ó dí ihò náà, ó padà wá, ó sì kọ ọ́ pé Ìgè ti kú. Mo dì mọ́ ọn, mo pe ọfọ̀ tí ń dẹ́rù ba ẹkùn. Èyí tí kò ní àyà, kí ni yóò fi já? Ó gbá mi létí, mo yí gbirigbiri délẹ̀.

Alógiri ní, "Ohùn ẹni tí ó gbẹ́ ẹ nìkan ni ó ń gbọ́. Bí Ọnàwọlé bá wí fún un pé kí ó dúró, yóò dúró. Ṣùgbọ́n Ọnàwọlé ti lọ sí oko. A ti kígbe pè é títí, kò dáhùn."

Mo wo oòrùn. Ó ti ń rẹlẹ̀. Mo béèrè ọ̀nà oko, mo sì bọ́ sí eré.

Ní abẹ́ igi kan lóko, mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sun iṣu. Mo ní, "Ta ni Ọnàwọlé nínú yín?"

"Èmi ni. Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ wá jẹ iṣu. Ẹ̀wù yín dà?"

"Má bèèrè ẹ̀wù mi. Ọwọ́ rẹ ń sin ènìyàn láàyè."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní, "Ọwọ́ mi nìyí, bàbá. Iṣu ló ń bó." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Mo ní, "Èyí tí o fi igi gbẹ́ ni mo ń wí. Ó ti sọ gbogbo Ìgè di òkú kan."

Ó ní, "Ògiri yẹn dọ̀tí, bàbá. Orúkọ kan ṣoṣo wà káàkiri bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Mo tún un ṣe ni. Ọwọ́ mi kì í ṣìṣe. Ohun tí mo rán an náà ló ń jẹ́."

"Ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé, ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà nílùú yín?"

Iṣu dúró sí i lẹ́nu. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "N kò... n kò rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i, ṣebí ó lè nu ún, kí ó tún un kọ? Ògiri àjọkọ ni."

"Ìyá rẹ̀ ti ń nu ún láti àárọ̀. Apá rẹ̀ ti wú. Wọ́n kígbe pè ọ́."

"Mo gbọ́ igbe kan lóòótọ́. Mo rò pé wọ́n ń lé ọ̀bọ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n jẹ iṣu yìí tán."

Ẹ gbọ́ mi o! Ẹ gbọ́ ohun tí ó jáde ní ẹnu ọmọ ènìyàn! Èmi kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé e sọ sí èjìká bí ẹni gbé ìgalà, tòun ti iṣu lẹ́nu, mo sì sáré. Ó ń jà, ó ń ta, ó ń wí pé òun jẹ́ ọmọ onílé ọnà. Mo ní ìgalà náà ní ìdílé.

Nígbà tí a ó fi dé abẹ́ ògiri, oòrùn ti fi ìdí kan igi. Wọ́n ti sọ Ìgè kalẹ̀ sínú kòtò. Ọmọ rẹ̀ ń ké lọ́wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè gbé ẹfun mọ́. Ó ń fi iwájú orí nu ògiri. Alógiri ti bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo sọ Ọnàwọlé sílẹ̀ gbì. Ó dìde, ó wo inú kòtò. Ìgè gbé ojú sókè, ó ní, "Ọnàwọlé, èmi ni mo pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ ṣàìsàn."

N kò rí ojú ènìyàn tí ó yí padà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. Ó ní, "Dúró!"

Ọwọ́-igi dúró.

Ọ̀rọ̀ kan péré! Ohun tí ìbọn mi kò lè ṣe, tí omijé ìyá láti àárọ̀ kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ kan péré ni ó ṣe é. Ìyá Ìgè fi ìka tí ó ṣẹ́kù tí kò wú kọ ọ́ pé Ìgè wà láàyè. Oòrùn wọ̀ lórí rẹ̀. A fa Ìgè jáde, òwú ṣì wà ní imú rẹ̀, ó gba ọmọ rẹ̀, ó fún un ní ọmú lójú gbogbo wa.

Ní ọjọ́ kejì, ìlú pé jọ. Ariwo pọ̀. Àwọn kan ní kí a fi gbogbo ọwọ́-igi dá iná. Àwọn kan ní ògiri ti tóbi ju ọwọ́ ẹlẹ́ran-ara lọ, bí kò bá sí ọwọ́-igi, irọ́ àti èébú ni yóò gbà á. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé kí ọwọ́-igi wà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e lé ògiri mọ́ láìgba àṣẹ. Ta wá ni a ó fún ní àṣẹ náà?

Ọnàwọlé dìde, ojú tì í, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó ní, "Mo ti jẹ̀bi. Àmọ́, ta ló tún mọ ọwọ́ gbẹ́ bí èmi nílùú yìí?"

Bàbá arúgbó kan, Ṣóyọyè, ní, "Àgbà ni à ń fi nǹkan ẹlẹgẹ́ sí lọ́wọ́."

Èmi náà dìde. Ṣé n ó padà sọ́dọ̀ Ọba lọ́wọ́ òfo ni? Mo ní, "Mo kọjá lára Ẹlẹ́sẹ̀-Lójú, mo tan Adìmọ́ni jẹ, mo fi èjìká ru ẹni tí ó da ìlú rú. Ta ni ó tún yẹ?"

Àìná tí àwọn ọkọ ń lé náà dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà dán an wò. Ọwọ́-igi ló so àwọn ọkùnrin yìí mọ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́-igi náà ni yóò tú wọn." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìyá Ìgè, tí a ti fi ewé di apá rẹ̀, sún mọ́ Alógiri, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Alógiri wò ó, ó mi orí pé òun gbà. Ó ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa mú ọwọ́-igi kan tí Ọnàwọlé ti yí kí ó máa gbọ́ ohùn olúwarẹ̀, kí á máa lò ó níwọ̀nba, ní etí ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Ọnàwọlé ni ó kọ́kọ́ jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, ó ń kọ̀wé tí ó dára bí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan pè é láti ẹ̀yìn: "Ọnàwọlé." Ó ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí ó parí ìlà yìí." Bàbá Ṣóyọyè jókòó. Ohùn náà pè é. Ó ti sùn lọ.

Ó kan èmi. Mo jókòó, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ ọ ní ẹ̀yìn mi: "Ògúnkẹ́yẹdé." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ kì í dáhùn ìpè tí kò mọ ẹni tí ó ń pè é. Bàbá mi ti kọ́ mi: bí a bá pè ọ́ láti ẹ̀yìn, di òkúta, nítorí iwin a máa jí ohùn ènìyàn lò. Mo di òkúta. Ó tún pè mí. N kò mira. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹ́ta, tẹkúntẹkún. Èmi ọdẹ, n kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ó kan Àìná. Ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì jáde tán. "Dúró!" ni ó kọ́kọ́ wí fún ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú padà, ó ní, "Ta ló ń pè mí? Kí ni mo bàjẹ́?"

Ìyá Ìgè ni ó jáde láti ẹ̀yìn àpáta. Òun ni ó ń pè wá. Ó ní, "Láàárọ̀ àná, n kò wá ẹni tó gbọ́n. N kò wá ẹni tó dàgbà. Ẹni tí yóò dáhùn ni mo ń wá."

Alógiri kọjú sí mi. Ó ní, "Ọdẹ, wọ́n pè yín títí. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ yìí délé, tí ọmọ yín bá wà nínú kòtò, tí ìyá rẹ̀ sì pè yín?"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé ẹ̀kọ́ bàbá mi. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Ohun tí ó ti gba ẹ̀mí mi là nínú gbogbo igbó ayé, òun ni ìbá sin ọmọ ọlọ́mọ. Ará mi, ẹ̀rù tí ó bà mí lọ́jọ́ náà, ẹkùn kò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

A gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ òfo ni mo padà sí ààfin, Ọba kò sì bínú nígbà tí ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Àìná ni wọ́n fún ní àṣẹ. Wọ́n ní kí àtàǹpàkò rẹ̀ máa wà lábẹ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ. Wọ́n ní bí ó bá ń lọ sí oko, kí ọwọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá ké, ìbáà ṣe wèrè, kí ó dá a dúró ná kí ó tó béèrè ìdí.

Kí n tó fi ìlú náà sílẹ̀, mo dúró wo iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọwọ́-igi rẹ̀ ń rá bọ̀ lára àpáta, ó ń tú àwọn Àìná sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń tú àwọn Òjó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ọkọ ń gba ilé wọn lọ. Ó rá títí ó fi sún mọ́ ibi tí orúkọ Ìgè wà. Ìgè wà nísàlẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i tí gbogbo ara rẹ̀ le. Ó fi ohùn tí kò ju ti ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ pè é, ó ní, "Àìná."

"Dúró!"

Ọwọ́-igi dúró, ìka rẹ̀ kò tíì kan orúkọ náà.

Àìná sáré wá, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, "Ìgè, kí ló dé? Kí ló ṣe?"

Ìgè mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o wà níbẹ̀ ni."

Ibi tí mo gbé ẹrù ìtàn yìí sọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Ìdó-Arán. Ẹ dìde, ẹ gbọn erùpẹ̀ aṣọ yín, kí ẹ sì lọ dúró sẹ́yìn ẹni tí ẹ fẹ́ yàn, kí ẹ pè é.